Fífẹ̀ Ló Ń Mú Ìmọ́lẹ̀ Rọ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Yíyan Difúsà fún Iná Kámẹ́rà

   

Ẹ̀yin ayafọ́tò, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí difúsà, èyíinì ni ohun tí à ń fi sí iwájú fíláàṣì kí iná má baà le jù lójú ẹni tí à ń yà. Mo mọ ìdí tí ẹ fi yan àkòrí yìí. Ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ọmọ iṣẹ́ kan má bi mí pé, "Ọ̀gá, èwo ni kí n rà?" Ohun kan náà ni mo máa ń bi í padà: "Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ńṣe ni mò ń yẹ ìbéèrè wọn sílẹ̀. Rárá o. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ti mọ ìdajì ohun tó fẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún tí mo ṣe fíríìdọ̀mù, wọ́n gbé ìgbéyàwó kan fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àríyá bọ́ sí pápá gbalasa, kò sí òrùlé, kò sí ògiri. Mo ti ra difúsà tèmi, ìdérí ike funfun kékeré yẹn tó máa ń wọ orí fíláàṣì bíi fìlà. Mo fi dé e, mo kọ orí fíláàṣì sókè bí mo ṣe rí i tí àwọn ọ̀gá ń ṣe, mo sì ń yà lọ ràì. Bátìrì mẹ́rin kú, mo pààrọ̀ wọn, mẹ́rin mìíràn tún kú. Nígbà tí mo gbé álíbọ́ọ̀mù lọ, ìyá ìyàwó ṣí i, ó wò ó títí, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé epo lẹ fi pa ọmọ mi lójú ni?" Iwájú orí ìyàwó ń dán funfun báláú, òjìji dúdú sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó bọ́ lára òrùlé padà sójú ìyàwó ti bá ọ̀run lọ. Àfi bíi pé àwọn ìràwọ̀ ni wọ́n ní kí n wá yà.

Àṣìṣe ọjọ́ náà ni mo wá sọ lónìí. Mo ní difúsà, mo sì lò ó, síbẹ̀ kò ṣe ohun tí mo rò pé ó ń ṣe.

Ohun tí òjìji ń kọ́ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa iná gbọ̀ngàn yìí fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àbúrò tó jókòó síwájú yìí, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ, kọjú rẹ̀ sí ògiri, kí o na ọwọ́ kejì síwájú iná náà. Gbogbo wa rí òjìji ìka máràrùn-ún lára ògiri. Etí òjìji náà mú bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé.

Ó dáa. Wàyí o, mú ọ̀rá funfun yìí, fi bo tọ́ọ̀ṣì náà, kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Kí lẹ rí? Iná ti dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí òjìji dáadáa: díẹ̀ báyìí ló fi yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ gba bébà funfun yìí, irú èyí tí à ń tẹ lẹ́tà sí. Kí ẹnì kan gbé e dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí iwájú tọ́ọ̀ṣì, kí iná kún ojú bébà náà láti etí dé etí, kí àbúrò wa sì na ọwọ́ rẹ̀ láàárín bébà àti ògiri. Ẹ tún wo ògiri. Òjìji ti rọ̀. Ibi tí ìka ti parí tí ìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kò yéni mọ́.

Ẹ lè tan iná gbọ̀ngàn. Ẹ ṣeun.

Funfun ni ọ̀rá, funfun ni bébà. Àwọn méjèèjì ni iná là kọjá. Kí ló wá fà á tí ọ̀kan fi rọ òjìji tí èkejì kò rọ̀ ọ́? Fífẹ̀ ni. Nígbà tí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ tọ́ọ̀ṣì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde kò ju ojú tọ́ọ̀ṣì lọ. Nígbà tí bébà jìnnà díẹ̀ tí iná sì kún un, bébà náà lódindi di fìtílà. Láti igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Èyí tó wá láti apá òsì ń wọ inú òjìji tí ti apá ọ̀tún dá sílẹ̀, ti òkè ń wọ inú ti ìsàlẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ka difúsà sí asẹ́, bíi pé ìmọ́lẹ̀ ní èèrí líle kan tí ike funfun yóò sẹ́ kúrò. Kì í ṣe asẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni kó sọ iná kékeré di iná ńlá. Èyí tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kàn ń jẹ bátìrì lásán ni.

Olúwa ti fi èyí hàn wá lójú ọ̀run. Oòrùn tóbi ju ayé lọ lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà, nítorí náà kò ju owó ẹyọ lọ lójú wa. Ìdí nìyẹn tí òjìji ọ̀sán gangan fi le. Jẹ́ kí ìkùukùu bo ojú ọjọ́, tàbí kí ọyẹ́ dé kí ojú ọ̀run funfun kùrù, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Oòrùn kan náà ni. Ojú sánmà látòkè délẹ̀ ló ti di fìtílà.

Ohun méjì ni kí ẹ mú níbẹ̀. Èkíní, bí orísun iná bá ṣe fẹ̀ tó ni òjìji ń rọ̀ tó. Èkejì, fífẹ̀ náà kì í dá dúró: ojú ẹni tí à ń yà la ti ń wọ̀n ọ́n. Agboòrùn iná, èyíinì ni agboòrùn tí à ń tan fíláàṣì sí, tó fẹ̀ ní mítà kan, bí ó bá wà ní mítà mẹ́rin sí ìyàwó, kò fẹ̀ lójú rẹ̀ ju ohun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25 tó wà ní mítà kan lọ. Ẹni tó ra difúsà ńlá tó wá gbé e sí òkèèrè ti sọ ọ́ di kékeré.

Ibi tí iná kámẹ́rà ti wá

Wàhálà iná líle kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1887, ní Jámánì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke po ìyẹ̀fun magnesium mọ́ kẹ́míkà tó ń mú iná ràn, wọ́n sì ń ṣáná sí i kí wọ́n lè ya fọ́tò nínú òkùnkùn. Jacob Riis gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé àwọn tálákà ní New York, ó sì kó àwọn fọ́tò náà sínú ìwé tó jáde ní ọdún 1890. Èéfín a gba gbogbo yàrá, iná a sì máa jóni nígbà mìíràn. Nígbà tó di 1929, gílóòbù fíláàṣì tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jáde ní Jámánì. Ní àwọn ọdún 1930 ni Harold Edgerton ti MIT, ní Amẹ́ríkà, sọ iná mànàmáná tó ń bù yẹ̀rì nínú gáàsì di ohun tí ayafọ́tò lè lò léraléra. Ọmọ inú iṣẹ́ tirẹ̀ ni fíláàṣì tó wà lórí kámẹ́rà wa lónìí.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba ìtàn yìí ni pé, bí iná kámẹ́rà ṣe ń kéré sí i, tó ń rọrùn láti gbé sí i, bẹ́ẹ̀ ni òjìji rẹ̀ ń le sí i. Àwo ìdápadà gílóòbù àtijọ́ fẹ̀ ju orí fíláàṣì òde òní lọ. Ẹ wọn tiyín wò: ojú fíláàṣì tó wọ́pọ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ní ìbú àti 4 ní gíga lọ. 7 lọ́nà 4 jẹ́ 28. Agboòrùn iná tó fẹ̀ ní mítà kan ní nǹkan bíi 7,850 lójú ìwọ̀n kan náà, ìlọ́po 280 ojú fíláàṣì. Softbox, àpótí aṣọ tí à ń fi bo fíláàṣì, tó jẹ́ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní 3,600. Ìdérí ike kékeré ńkọ́? Kò fi bẹ́ẹ̀ ju fíláàṣì tó dé lọ.

Ojú ènìyàn dúdú

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Iná tó bá bọ́ sára awọ ènìyàn máa ń padà ní ọ̀nà méjì. Èyí tó wọ inú awọ tó sì tún jáde ló ń gbé àwọ̀ ènìyàn wá fún kámẹ́rà. Èyí tó kàn gbá orí epo ara àti òógùn, tó ta padà, funfun ló máa ń wá, nítorí kò wọ inú awọ rárá. Lára awọ dúdú, èyí tó ń jáde láti inú kéré, nítorí náà èyí tó ń ta padà máa ń hàn ketekete. Bí iná bá kéré, gbogbo títa yẹn á kó jọ sí ojú kan níwájú orí tàbí lórí imú, á di àbààwọ́n funfun. Bí iná bá fẹ̀, títa náà á tàn kálẹ̀, á rọra dán lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì fi bí ojú ṣe rí hàn.

Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé iná fífẹ̀ kì í ṣe fàájì fún àwa tí à ń ya ènìyàn dúdú. Ẹ rántí pé ní ayé fíìmù, káàdì tí Kodak fi ń tọ́ àwọ̀ fọ́tò sọ́nà, ojú obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò fi ojú wa wọn irinṣẹ́ náà. Àwa ni ó kù sí lọ́wọ́ láti fi ìmọ́lẹ̀ tún un ṣe.

Ó tún ní ohun tí àwọn oníbàárà wa ń fẹ́. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, lẹ́yìn tó ti bá àwọn ayafọ́tò ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàkíyèsí ìjókòó àgbà nínú fọ́tò wa: ẹni náà á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, á tẹ́ ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ. Ẹni tó bá jókòó báyìí kò fẹ́ kí òjìji gbé ìdajì ojú rẹ̀ mì. Màmá tó san owó gèlè kò fẹ́ kí apá kan gèlè náà sọnù sínú òkùnkùn. Iná fífẹ̀ tó wá láti iwájú, tó ga díẹ̀ ju orí lọ, ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń béèrè.

Àwọn tó wà lórí àtẹ

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ẹ bá dé ọjà, gbogbo difúsà ló funfun, gbogbo wọn ni wọ́n máa ní ó dára. Ẹ jẹ́ ká tú wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni awẹ́ ike tín-ín-rín tí à ń fà jáde láti inú orí fíláàṣì fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní difúsà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fẹ iná kó lè kárí ibi tí lẹ́ńsì tó ń wo ibi gbòòrò ń wò. Kò mú orísun iná tóbi, kò sì rọ òjìji kankan.

Ìkejì ni ìdérí ike, fìlà fíláàṣì. Kò yẹ ká bú u tán. Ó máa ń fọ́n iná káàkiri: sókè, sẹ́gbẹ̀ẹ́, síwájú. Nínú yàrá kékeré tí síílìn àti ògiri rẹ̀ funfun, àwọn iná tó fọ́n yẹn á lu ògiri, wọ́n á padà, yàrá náà fúnra rẹ̀ á sì di difúsà. Ìdérí kàn pín iná fún ògiri ni. Ògiri ló ṣe iṣẹ́. Gbé ìdérí kan náà lọ sí pápá gbalasa, kò sí ẹni tí yóò dá iná padà fún ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ìkẹta ni káàdì funfun tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn orí fíláàṣì nígbà tí a bá kọ ọ́ sókè. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná ń lọ bá síílìn, káàdì sì ń ti díẹ̀ síwájú kí ojú má baà ṣófo. Ìràwọ̀ kékeré tó ń tàn nínú ẹyinjú, tó ń mú kí ojú yè, iṣẹ́ káàdì ni. Páálí funfun àti rọ́bà ìdìwó ti tó láti ṣe é.

Ìkẹrin kò sí lórí àtẹ rárá, nítorí kò sẹ́ni tó ń tà á: síílìn àti ògiri. Bí a bá kọ fíláàṣì sí síílìn funfun, ibi tí iná bà á lè fẹ̀ tó mítà méjì. Softbox tí a lè gbé sínú báàgì kámẹ́rà kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n síílìn ní àléébù tirẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ ni yóò fi kun ojú. Síílìn onípákó á sọ ojú di pupa rẹ́súrẹ́sú, ògiri aláwọ̀ ewé á sọ ìyàwó di aláìsàn. Bí iná bá sì wá láti òkè nìkan, ihò ojú á ṣókùnkùn, nítorí náà ògiri funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn yín sábà máa ń sàn ju síílìn lọ.

Ìkarùn-ún ni agboòrùn iná. Ó rọrùn láti rà, ó ń ká sínú báàgì, ó sì fẹ̀. Èyí tó funfun tí iná ń là kọjá ṣeé gbé sún mọ́ ojú dáadáa, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń dà káàkiri. Èyí tó dúdú lẹ́yìn tó funfun nínú ń dá iná padà, ó sì ń kó o jọ díẹ̀. Ọ̀tá agboòrùn ni atẹ́gùn: afẹ́fẹ́ kan péré ti tó láti gbé òun àti ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ṣubú lu àlejò. Ẹ fi àpò yanrìn mú ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí ọmọ iṣẹ́ dì í mú.

Ìkẹfà ni softbox. Ó ń sé iná mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó ń jẹ́ kó jáde níwájú nìkan, nítorí náà a lè sọ pé kó bọ́ sí ibí kó má bọ́ sí ọ̀hún. Ní stúdíò tóóró tí ògiri rẹ̀ ní àwọ̀, òun ló yẹ. Owó rẹ̀ ju ti agboòrùn lọ, títò rẹ̀ sì ń gba àkókò.

Ohun tí difúsà ń jẹ

Kò sí difúsà tí kì í gba owó orí. Iná tó gbà wọlé kì í jáde tán. Àwa ayafọ́tò ń fi sítọ́ọ̀pù ka àdánù yìí: sítọ́ọ̀pù kan ni kí iná kù sí ìdajì, méjì ni kó kù sí ìdá mẹ́rin. Ìdérí ike ń jẹ tó sítọ́ọ̀pù kan àbọ̀ sí méjì. Agboòrùn kò jìnnà sí i. Síílìn lè jẹ méjì sí mẹ́ta, ju bẹ́ẹ̀ lọ bí òrùlé bá ga.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí agbára fíláàṣì (tí wọ́n ń pè ní guide number) bá jẹ́ 40 ní mítà, ní ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba iná), tí ẹ sì ṣí lẹ́ńsì sí f/4, 40 tí a pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ 10: fíláàṣì náà yóò tan ẹni tó wà ní mítà mẹ́wàá. Ẹ fi ohun tó ń jẹ sítọ́ọ̀pù méjì bò ó, agbára 40 di 20, mítà mẹ́wàá di márùn-ún. Bí ẹ bá gbé ISO lọ sí 400, mítà mẹ́wàá yẹn á padà wá. Nítorí náà, ẹni tó ń fi fíláàṣì olówó gọbọi ṣiṣẹ́ ní ISO 100 lábẹ́ ìdérí ike ń fi owó ṣòfò. Bátìrì á kú, orí fíláàṣì á gbóná, ike iwájú rẹ̀ sì lè yọ́. Ẹ jẹ́ kí fíláàṣì máa sinmi.

Ìṣirò kejì ni ti ọ̀nà jíjìn. Bí a bá sọ ọ̀nà di ìlọ́po méjì, iná á kù sí ìdá mẹ́rin. Bí ẹ bá gbé softbox sí mítà kan sí ìyàwó tí ọkọ sì wà ní mítà méjì sí softbox náà, ìdá mẹ́rin iná tó kan ìyàwó ló kan ọkọ. Nínú fọ́tò ẹbí, bí iná bá wà ní mítà méjì sí ìlà iwájú, tí ìlà ẹ̀yìn wà ní mítà mẹ́rin, àwọn àgbà iwájú á funfun, àwọn ọmọ ẹ̀yìn á ṣókùnkùn. Ẹ fa iná sẹ́yìn títí tí ìlà iwájú á fi wà ní mítà mẹ́fà tí ti ẹ̀yìn á wà ní mẹ́jọ: ti ẹ̀yìn á gba ju ìdajì ti iwájú lọ díẹ̀, èyí sì ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé iná tí a fà sẹ́yìn ti kéré sí i lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ẹbí fi ń béèrè agboòrùn tó fẹ̀ jù lọ tí ẹ ní.

Ibi iṣẹ́ ló ń yan difúsà

Mo ti padà sí ìbéèrè mi: níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?

Bó bá jẹ́ pálọ̀ ni, níbi ìkómọ, tí síílìn rẹ̀ funfun tí kò sì ga, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan. Ẹ kọ fíláàṣì sí síílìn tàbí sí ògiri tó wà lẹ́yìn yín, kí ẹ fi káàdì ti díẹ̀ síwájú. Bí síílìn bá ní àwọ̀, ẹ wá ògiri funfun, tàbí kí ìyá ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn àríyá, ẹ wo òkè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Òrùlé sábà máa ń ga níbẹ̀, àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ sì lè ti ta aṣọ aláwọ̀ bò ó, kí wọ́n tún tan iná aláràbarà sí ara ògiri. Iná yín kò ní padà. Bó bá sì padà, á gbé àwọ̀ aṣọ náà bọ̀. Fún fọ́tò ìjókòó àti ti ẹbí, ẹ gbé agboòrùn karí ẹsẹ̀ irin ní kọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ijó bá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó, kò sí ààyè ohun ńlá; ẹ lo káàdì, ẹ gbé ISO sókè, ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà pẹ́ díẹ̀ ní ṣíṣí kí iná gbọ̀ngàn náà lè wọlé. Òjìji á le díẹ̀. Fún ẹni tó ń jó, kò ba nǹkan jẹ́.

Bó bá jẹ́ abẹ́ kánọ́pì ni, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Kánọ́pì funfun lábẹ́ oòrùn jẹ́ difúsà tó tóbi ju gbogbo èyí tí a lè rà lọ. Oòrùn ti là á kọjá, ó ti rọ̀, ohun tó kù fún fíláàṣì ni kó fi díẹ̀ kún un. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kánọ́pì funfun kan náà ṣeé kọ fíláàṣì sí bíi síílìn. Ṣùgbọ́n kánọ́pì aláwọ̀ búlúù tàbí ewé á kun gbogbo ojú. Ẹ mú ẹni tí ẹ fẹ́ yà wá sí etí kánọ́pì, kí ojú sánmà tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Bó bá jẹ́ pápá gbalasa lálẹ́, fìlà ike kò wúlò. Agboòrùn tàbí softbox tí ọmọ iṣẹ́ gbé dúró nìkan ló lè gbà yín, kó sì sún mọ́ ojú bó bá ti ṣeé ṣe tó láì wọ inú fọ́tò.

Kí ẹ tó sanwó

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìnáwó oníbàárà jẹ́ ọjọ́ ìdánwò yín. Ẹ yá difúsà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ gbé e lọ sí irú ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ na ọwọ́ yín sí iwájú rẹ̀, kí ẹ yà á. Àgbà bọ̀, wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ní ti iná kámẹ́rà, ó ń tanni o, nítorí àtẹ́lẹwọ́ wa mọ́ ju ojú wa lọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ yà. Bí ó bá ń dán tí etí òjìji rẹ̀ sì mú, difúsà yẹn kò tíì fẹ̀ tó, tàbí kò tíì sún mọ́ tó, iyekíye tí wọn ì báà ta á.

Bí ẹ bá ní kí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù ra ohun kan ṣoṣo, agboòrùn funfun tó fẹ̀ ní mítà kan ni mo máa mú, pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin rẹ̀ àti ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi tan fíláàṣì láti òkèèrè. Kó fi páálí funfun kan kún un. Ìdérí ike lè dúró títí dìgbà tí owó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ṣe ìdánwò tọ́ọ̀ṣì tí a ṣe níbí yìí fúnra wọn, ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan fíláàṣì. Kò ná wọn ju bébà kan lọ. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, níbikíbi tí ẹ bá gbé kámẹ́rà wọ̀, ẹ gbójú sókè wo síílìn kí ẹ tó tan iná.